Ẹnu Ta Ni Yóò Pe Rótìmí?

Ẹ̀gúsí là ń bó lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Odò-Ape nílẹ̀ Bùnú nígbà tí àbúrò mi obìnrin gbé fóònù rẹ̀ sórí àpótí láàrin wa. Ìtàn ìfẹ́ ni: ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin fẹ́ràn ara wọn nílé ẹ̀kọ́ gíga, ìjà tú wọn ká, wọ́n tún wá pàdé lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Ẹ̀rọ ló ń kà á, ní Yorùbá. Ó kù díẹ̀ kí ọmọbìnrin náà tẹ́wọ́ gba olólùfẹ́ rẹ̀ padà, omijé ti gba ojú rẹ̀, ó fẹ́ sọ pé "ọkọ mi". Ẹ̀rọ pè é ní "ọkọ́ mi". Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí a ń pè ní Màmá, gbójú sókè: "Ọkọ́? Ṣé oko ló fẹ́ lọ ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Inú mi bàjẹ́, nítorí ibi tó yẹ kí ẹkún ti gbọ̀n wá ni a ti ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìtàn ìfẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹni tí Yorùbá yọ̀ mọ́ lẹ́nu ni kó máa kà á sétí wa. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Kì í sì í ṣe àlejò, bó ti wù kó mọ ìwé kà tó.

Ẹ wo ìwé Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ gbé jáde ní 2017. Yéjídé àti Akin pàdé ní Yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n fẹ́ra. Irọ́ àti ọ̀ràn ọmọ bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2008, ìsìnkú bàbá Akin mú obìnrin náà padà sí Iléṣà. Adjoa Andoh, òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, ló ka ìwé àfetígbọ́ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, òun náà ló ka ìwé Americanah. Èmi ò bá a jà. Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún un ni mo bá wí. Àkọlé ìwé yẹn gan-an, orúkọ àbíkú ni: Rótìmí, dúró tì mí. Ẹni tó ti sin ọmọ ló ń fi orúkọ yẹn bẹ ọmọ. Ẹnu tí kò bá wọn ṣe ìkómọ rí, báwo ni yóò ṣe pè é tí ara wa yóò fi bù máṣọ? Àlọ́ Ìjàpá àti ti Olúróńbí wà nínú ìwé kan náà. Ta ni yóò dá wọn lórin, tí a ó fi gbè é?

Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Lórí ìwé ni o. Yorùbá ni àwọn èèyàn inú rẹ̀ fi ń sunkún. Nígbà tí ìwé Bolu Babalola, Honey & Spice, jáde ní 2022, ṣebí Weruche Opia, ọmọ Nàìjíríà, ni wọ́n gbé e fún? Ẹni tó bá fẹ́ wá ẹni ilé, yóò rí i.

Àwọn mìíràn á ní kò sọ́jà. Kí wọ́n wá sí Kábbà, kí wọ́n wo àwọn ọmọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà kó orin àti ìwàásù sínú mẹ́mórì kádì fún àwọn ìyá tó ń lọ sóko. Etí tó ń ra ìwàásù á ra ìtàn ìfẹ́, bí ohùn inú rẹ̀ bá jẹ́ ohùn èèyàn. Kí wọ́n sì sanwó gidi fún ẹni tó kà á. Bó bá jẹ́ ọmọ Bùnú bíi tiwa, kí wọ́n má fi dandan lé e pé kó sọ ọ́ bí ará Ọ̀yọ́. "Okun" la fi ń kí ara wa. Òun náà la fi ń fẹ́ra.

Lọ́jọ́ náà, Màmá ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ yẹn. Ìwé náà wà lórí fóònù, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ara rẹ̀ kà á, pẹ̀lú ohùn ilé wa. Nígbà tó dé "ọkọ mi", mo wo ọwọ́ Màmá. Èèpo ẹ̀gúsí kan wà láàrin àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀, kò sì sọ ọ́ nù fún ìgbà pípẹ́.