Ẹ Bi Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ìyá Yín Kí Ẹ Tó Pinnu



Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa, tí àìsàn rọpárọsẹ̀ bá kọlu ìyá tàbí bàbá, orí ọmọ kan ni ìtọ́jú máa ń já lé. Lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin ni. Òun ló ń ṣe àlùwàlá fún ìyá, òun ló ń fọ aṣọ ìtọ̀, òun ló ń jí lóru. Kò gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n tí ó bá kan ilé ìwòsàn tí a ó lọ, tàbí ẹni tí a ó gbà láti ràn án lọ́wọ́, àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ ló ń pinnu lórí fóònù. Wọ́n á kàn sọ fún un ni. Àbòsí ni èyí.

Ẹ wo Súúrà Al-Baqarah, āyà 233. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ni Ọlọ́hun ń sọ níbẹ̀. Ìyá ló ń fún ọmọ lọ́mú, bàbá ló ni ẹrù oúnjẹ àti aṣọ ìyá. Síbẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú kí ọdún 2 tó pé, àwọn méjèèjì ni yóò jọ jíròrò, tí wọn yóò sì fohùn ṣọ̀kan. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń náwó kò dá pinnu lórí ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú. Āyà náà kò sì gbà kí a di ẹrù tó ju agbára ẹnikẹ́ni lọ rù ú. Lójú tèmi, bí ìjíròrò bá tọ́ lórí ọmọ ọwọ́, ó tọ́ lórí àgbàlagbà tí kò lè dìde mọ́.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ náà. Nígbà ogun Badr, Ruqayyah, ọmọ Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ń ṣàìsàn. Ànọ́bì ní kí ọkọ rẹ̀, ‘Uthmān, dúró tì í. Ó sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé láádá àti ìpín ẹni tó jagun Badr jẹ́ tirẹ̀.

Àwọn ará wa tó wà ní England mọ̀ pé òfin Care Act ti ọdún 2014 pa á láṣẹ fún ìjọba ìbílẹ̀ láti wo ohun tí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ nílò, bóyá ó lè máa bá ìtọ́jú náà lọ, àti bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń bi ẹni tí kò mọ̀ rí, kí ló dé tí a kì í bi ọmọ ìyá wa?

Nítorí náà, tí orí ìyá bá ṣì pé, ẹ kọ́kọ́ bi òun. Lẹ́yìn náà, ẹ bi olùtọ́jú: Kí ló ń rẹ̀ ọ́ jù? Ìrànlọ́wọ́ wo lo fẹ́? Ṣé o ṣì lè máa ṣe é? Ẹ fi owó ìtọ́jú sí ìkáwọ́ rẹ̀, kí ó máa kọ ìnáwó sílẹ̀. Tí ó bá ní ó ti rẹ òun, ẹ má pè é ní aláìgbọràn sí òbí. Gbogbo ọmọ ni Ọlọ́hun pàṣẹ dáadáa sí òbí fún, kì í ṣe ẹni tó wà nílé nìkan.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì fi láádá ńlá san án fún àwọn tó ń tọ́jú wọn. Āmīn.