Ẹni Tó Mú Dúdú, Kó Fi Sicilian Sílẹ̀ Ná

Ẹni tó bá mú dúdú nínú ayò chess ti fi ìgbésẹ̀ kan gbẹ́yìn kó tó fọwọ́ kan ọmọ ayò kankan. Funfun ló ń kọ́kọ́ ta, lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ ogun tó wà níwájú ọba ni yóò sì tì sí ojú e4. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀: kí ni kí dúdú fi fèsì? Àwọn kan á ní c5, ìyẹn Sicilian. Àwọn kan á ní e6, ìyẹn French. Àwọn mìíràn á ní kí dúdú náà ti e5, kí wọ́n jọ wojú ara wọn. Àwọn tó ń ti c6, tí í ṣe Caro-Kann, kì í sábà pariwo, bẹ́ẹ̀ àwọn ló jàre, pàápàá fún òpè àti fún ẹni tó ti kúrò ní òpè ṣùgbọ́n tí kò tíì di ọ̀ta.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Sicilian kò dára. Òun ni Bobby Fischer fẹ́ràn jù, òun náà ni Magnus Carlsen fi ko Fabiano Caruana lójú ní London ní 2018, nígbà tí gbogbo ayò 12 tí wọ́n fi àsìkò gígùn ta já sí ọ̀mì. Adùn rẹ̀ ni pé dúdú ń fi ọmọ ogun ẹ̀gbẹ́ gba ọmọ ogun àárín lọ́wọ́ funfun, ìjà sì máa ń bẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́. Ẹni tí ọ̀mì kò tẹ́ lọ́rùn kò lè rí ohun tó dùn tó o.

Àmọ́ iye tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀ka Najdorf, tó ń jẹ́ orúkọ Miguel Najdorf, ọmọ Poland tí ogun 1939 ká mọ́ Argentina. Bí dúdú bá ti ti a6 ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, funfun lè gbé bíṣọ́ọ̀bù sí g5, sí e3, sí e2 tàbí sí c4. Ó lè ti f3, ó sì lè ti h3. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀. Níbì kan nínú rẹ̀, ayaba dúdú á lọ jẹ ọmọ ogun b2 tí wọ́n ń pè ní onímájèlé. Fischer mọ ibẹ̀ tinú tẹ̀yìn. Síbẹ̀, nínú ayò kọkànlá tó bá Boris Spassky ta ní Reykjavik ní 1972, Spassky dá ẹṣin rẹ̀ padà sí b1, ilé tó ti kọ́kọ́ jáde. Ó jọ pé ó ń sá sẹ́yìn ni, àmọ́ nígbẹ̀yìn ayaba Fischer há, ayò náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé lè kọ́ ìgbésẹ̀ 15 sórí, kí alátakò rẹ̀ wá ta ohun tí kò sí nínú ìwé ní ìkẹrìndínlógún. Èyí tó tún burú jù ni pé alátakò lè má jẹ́ kó débẹ̀ rárá: á ti c3 ní ìgbésẹ̀ kejì, gbogbo oṣù tí a fi ka Najdorf á wá di òfo.

French kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ayò orí lẹ́tà tí àwọn ará Paris bá àwọn ará London ta láti 1834 ló fún un lórúkọ, Petrosian àti Korchnoi sì jẹun lórí rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù c8 ni àìsàn rẹ̀. Ọmọ ogun e6 ti dínà mọ́ ọn, nígbà mìíràn ayò á sì parí kó tó rí ìta. Ní ti e5, Kramnik fi ẹ̀ka Berlin dè Kasparov lọ́wọ́ ní London ní 2000, tó jẹ́ pé Kasparov kò jẹ ẹyọ ayò kan. Ọ̀nà gidi ni. Ṣùgbọ́n funfun ló ń yan irú ìjà tó wù ú níbẹ̀: Ruy Lopez, Italian, Scotch, King's Gambit, dúdú sì gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún gbogbo wọn.

Caro-Kann gba ohun tó dára lára French, ó sì yọ àìsàn rẹ̀ kúrò. Dúdú á ti c6, lẹ́yìn náà d5, bíṣọ́ọ̀bù á sì jáde sí f5 kí ọmọ ogun e6 tó tilẹ̀kùn. Kì í ṣe ọ̀fẹ́: c6 ti gba ojú tó yẹ ẹṣin, ẹni tó bá sì fẹ́ ti c5 lẹ́yìn náà ti ná ìgbésẹ̀ méjì sórí ohun tí Sicilian fi ẹyọ kan ṣe. Owó táṣẹ́rẹ́ nìyẹn. Horatio Caro àti Marcus Kann, tí ọ̀nà náà ń jẹ́ orúkọ wọn, kọ nípa rẹ̀ ní 1886. Nígbà tí Botvinnik fẹ́ gba adé rẹ̀ padà lọ́wọ́ Smyslov ní 1958, òun ló gbé dání. Ó jẹ ayò mẹ́ta àkọ́kọ́, méjì nínú rẹ̀ pẹ̀lú dúdú, Caro-Kann ló sì fi jẹ wọ́n.

Àwọn alátakò á sọ pé, ta ló ṣe Kasparov bẹ́ẹ̀ ní 1997? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Nínú ayò tó kẹ́yìn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà Deep Blue, Kasparov ta Caro-Kann, ó gbé ẹṣin sí d7, ó sì ti h6 ní ìgbésẹ̀ keje, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù sí d6 ló yẹ. Ẹṣin Deep Blue fò wọ e6, Kasparov sì juwọ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 19. Ẹ̀ka d7 yẹn ní ọ̀fìn mìíràn: bí funfun bá gbé ayaba sí e2, tí dúdú sì sáré gbé ẹṣin ọba sí f6, ẹṣin funfun á bọ́ sí d6, ọba ti kú nìyẹn ní ìgbésẹ̀ kẹfà. Ọmọ ogun e7 kò lè jẹ ẹ́, torí òun ló dúró láàárín ayaba yẹn àti ọba.

Ẹni tó bá gbé bíṣọ́ọ̀bù sí f5 dípò ẹṣin sí d7 kò ní bá èyíkéyìí nínú méjèèjì pàdé. Ohun tó kù tó gbọ́dọ̀ rántí kò pọ̀: bí funfun bá ti h4, kí òun náà yára ti h6, kí bíṣọ́ọ̀bù tó ti padà sí g6 má bàa há. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá gbàgbé ìwé ṣì lè fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ta ayò tó mọ́yán lórí. Àǹfààní mìíràn tún wà. Bí funfun bá fi d4 bẹ̀rẹ̀, c6 àti d5 kan náà ló ń di Slav, ìmọ̀ kan á sì ṣiṣẹ́ níbi méjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọdé ní chess, ẹ kọ́kọ́ fi c6 lé wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí ọmọ bá lè sọ ìdí tí òun fi ta ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé Najdorf fún un.