Okùn Iná ní Èbúté Tin Can

Ẹ̀yin olóyè wa ọlọ́lá, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kan àwọn oníṣẹ́ iná nìkan.

Ní ọdún 1975, ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ǹtì wá pọ̀ lójú omi Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí èbúté Apapa kò gbà wọ́n mọ́. Ìdí nìyí tí a fi kọ́ èbúté Tin Can Island, tí a sì ṣí i ní 1977. Èbúté kò lè ṣiṣẹ́ láìsí mọ́tò iná. Lóde òní, ẹ̀rọ tí ń darí eré mọ́tò a máa tan iná, a sì máa pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Níbẹ̀ ni wàhálà ti ń wá: okùn tí ó so ẹ̀rọ náà mọ́ mọ́tò a di áńtẹ́nà tí ẹnikẹ́ni kò yàn, a sì máa fọ́n ariwo sáfẹ́fẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Irú ìgbì tí Heinrich Hertz ará Jámánì ṣàwárí ní nǹkan bí 1887 ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọkọ̀ tí ó wà nínú ewu lójú òkun lè ké lórí 2182 kHz. Ìgbì kan níbẹ̀ gùn tó mítà 137, ìdámẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ mítà 34. Okùn tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ lè fọ́n ariwo dáadáa níbẹ̀. Bí ariwo bá bo igbe, ta ni yóò gbọ́?

Àtúnṣe wà: kí a lo okùn tí a fi irin hun bò, kí a so irin náà mọ́ ara ẹ̀rọ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí okùn má sì gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Ajegunle tí ń kọ́ṣẹ́ iná, tí a sọ fún pé "ṣe báyìí", tí a kò sọ ìdí rẹ̀, yóò gé irin náà dànù lọ́jọ́ tí ó bá dí i lọ́wọ́. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté pe ológbò níjà.

Àwọn kan ń wí pé èdè wa kò lè gbé irú ìmọ̀ yìí. N kò gbà. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Nítorí náà mo bẹ Ẹgbẹ́ wa: kí a tẹ ìwé iṣẹ́ iná ní Yorùbá, kí ẹ̀yin olóyè sì rà á fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí ó mọ ìdí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ba iṣẹ́ jẹ́.