Ẹgbẹ́ Rọ́bọ́ọ̀tì Kan Ṣoṣo Ló Yẹ Atakpamé

Bí wọ́n bá ní kí ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ̀ọ̀kan ní Atakpamé ní Tógò àti agbègbè rẹ̀ dá ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì tirẹ̀ sílẹ̀, ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni àpótí irinṣẹ́ kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé-ìwé, èyí tí wọn yóò máa gbé jáde bí àlejò bá dé láti Lomé. Ọ̀nà tó sàn jù ni kí àwọn ilé-ìwé inú ìlú, pẹ̀lú àwọn ti Glei, Akparé àti Anié, jọ ní ẹgbẹ́ kan, kí àwọn ọmọ wọn máa pàdé lábẹ́ òrùlé kan, kí wọ́n sì jọ máa lo irinṣẹ́ kan náà. Kì í ṣe torí pé ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan dùn ún gbọ́ létí. Ìṣirò owó, ọ̀wọ́n olùkọ́, àti bí ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ṣe rí ló fà á.

Rọ́bọ́ọ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ ní pátákó kékeré tó ń ṣe bí ọpọlọ fún un, ó ní ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó ń lo bátìrì, ó ní ohun tó fi ń mọ̀ pé ògiri ti sún mọ́ òun, ó sì nílò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ sí i. Gbogbo rẹ̀ ló ń bàjẹ́: wáyà á jó, bátìrì á kú, eyín ẹ́ńjìnnì á kán. Ilé-ìwé tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin péré, bí ọ̀kan bá ti jó, iṣẹ́ dúró nìyẹn títí ẹnìkan yóò fi rí àyè lọ sí Lomé, ìrìn-àjò nǹkan bí 160 kìlómítà. Ilé-ìwé mẹ́fà tó bá kó tiwọn pọ̀ yóò rí èyí tí wọ́n ń lò, wọn yóò sì rí èyí tí wọ́n fi pamọ́. Àpótí olówó gọbọi tí a rà lódidi tún ní ewu tirẹ̀. Mindstorms tí ilé-iṣẹ́ LEGO ń tà láti 1998, tó jẹ́ òun ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé káàkiri ayé fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá a dúró ní ìparí 2022. Ẹni tó ní ẹyọ kan ṣoṣo, tí apá kan rẹ̀ sì sọnù, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ fún un. Ẹgbẹ́ tó bá pọ̀ lè yíjú sí pátákó Arduino, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ivrea ní Ítálì ní 2005, tí àwọn tó ṣe é sì tú àwòrán rẹ̀ síta kí ẹni tó bá wù lè ṣe irú rẹ̀. Ó sì lè kó àlòkù jọ. Tógò ló ti ṣẹlẹ̀ rí: ní 2013, Afate Gnikou fi àjẹkù kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní odidi (3D printer), èyí tí wọ́n pè ní W.Afate, ní WoeLab tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ní Lomé ní 2012. WoeLab kì í ṣe ti ilé-ìwé kankan. Ibi tí ará àdúgbò lè wọ̀ ni, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú iṣẹ́ náà ṣeé ṣe.

Ti olùkọ́ tún le ju ti irinṣẹ́ lọ. Olùkọ́ físíìsì kan lè mọ iná dáadáa kí ó má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó mọ ti kọ̀ǹpútà lè má mọ bí wọ́n ṣe ń gé irin kí ó tọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo wọn wà nílé-ìwé kan. Ìjọba sì lè gbé olùkọ́ kúrò nígbàkigbà. Ẹgbẹ́ tó gbára lé olùkọ́ kan, ọjọ́ tí ìwé ìṣípòpadà rẹ̀ bá dé ni ẹgbẹ́ kú. Ilẹ̀ Atakpamé ti rí irú rẹ̀ ní ọ̀nà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1911 ni àwọn Jámánì ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá kan sí Kamina, lẹ́bàá ìlú, èyí tó ń bá Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, ibi tó jìn ju 5,000 kìlómítà lọ. Agbára apá àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí wà nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn àjèjì ni ìmọ̀ rẹ̀ wà. Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù kẹjọ 1914, àwọn Jámánì fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Àwókù ló kù. Ẹ̀rọ tí ìmọ̀ rẹ̀ kò bá tàn dé ọwọ́ púpọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń bá lọ.

Ìdíje fúnra rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ọ̀nà kan náà. Nígbà tí àjọ FIRST Global, tí Dean Kamen wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ṣe ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Washington ní oṣù keje 2017, orílẹ̀-èdè tó lé ní 150 ló kópa, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì lè mú wá. Nínú eré náà, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n ń so pọ̀ láti kojú mẹ́ta mìíràn. Bí eré bá parí, ẹni tó jẹ́ alábàáṣe lè di alátakò. Ọmọ tí kò bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ rí ju ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ, báwo ni yóò ṣe ṣàlàyé ẹ̀rọ rẹ̀ fún àjèjì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀? Ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Ewe àti ọmọ Kabiyè láti ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó bá jọ ń jiyàn lórí ibi tó yẹ kí bátìrì wà ti ń kọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìpàdé.

Wọ́n lè ní kí a wo Ghana. Ní 2019, àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ Methodist Girls' High School ní Mamfe gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé Robofest ní Michigan, ilé-ìwé kan ṣoṣo sì ni wọ́n. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n láti 2011 ni àjọ Ghana Robotics Academy Foundation, tí Ashitey Trebi-Ollennu, ọmọ Ghana tó ń bá NASA ṣiṣẹ́, dá sílẹ̀, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé púpọ̀, tó sì ń kó wọn jọ láti díje. Orí ètò àjọní ni ilé-ìwé kan dúró lé tó fi ga. Atakpamé kò tíì ní irú ètò bẹ́ẹ̀, orí ẹ̀ka sì kọ́ ni wọ́n ti ń gbin igi.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ohun àjọní kì í ní olùtọ́jú. Ọ̀gá ilé-ìwé wo ni yóò fi owó sílẹ̀ fún ife-ẹ̀yẹ tí yóò wà ní ilé-ìwé ẹlòmíràn? Ìbéèrè gidi ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìlú nìkan kò sì lè dáhùn rẹ̀. Ìwé ló lè dáhùn rẹ̀: ìwé àdéhùn tó sọ pé orúkọ ìlú ni ẹgbẹ́ yóò máa jẹ́, pé iye ààyè kan náà ni ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní, pé ìdajì ààyè náà jẹ́ ti ọmọbìnrin, àti ìwé mìíràn níbi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tó mú irinṣẹ́ àti ọjọ́ tó dá a padà. Láìsí ti ààyè ọgbọọgba, ilé-ìwé tí òbí wọn lówó yóò gba gbogbo ipò láìpẹ́. Ibi ìpàdé kò ṣòro. École Normale Supérieure ti wà ní Atakpamé láti 1968, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kọ́ àwọn tó ń bọ̀ wá di olùkọ́. Ọdọọdún ni yóò máa rí ọ̀dọ́ tó lè tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà, yálà wọ́n gbé olùkọ́ kan kúrò tàbí wọn kò gbé e.

Àtakò ti ìdánwò kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ọmọ tó ń múra BEPC tàbí Bac lè yẹ̀ sẹ́yìn fún sáà kan, torí kíláàsì mìíràn láti ilé-ìwé mìíràn á wà níbẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ló le. Owó ọ̀kadà zémidjan láti Anié lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò bójú mu fún òbí àgbẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n béèrè rẹ̀. Kí wọ́n máa pàdé ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì máa ṣe apá tirẹ̀ nílé: àwọn kan ṣe ẹsẹ̀, àwọn kan ṣe apá tó ń gbé nǹkan, àwọn kan kọ àṣẹ, torí àṣẹ ṣeé kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ lórí ìwé lásán. Ẹni tó bá ní apá wọ̀nyí kò ní bára mu lọ́jọ́ ìpàdé kò parọ́. Kò ní bára mu ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìyẹn ni yóò kọ́ wọn láti fẹnu kò lórí ìwọ̀n ihò síkúrù kí ẹnikẹ́ni tó mú ayùn, ẹ̀kọ́ tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú náà kò lè ṣe láìní.

Kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé má tíì wá owó kankan. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá irinṣẹ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà, kí wọ́n sì gbé e lọ sí École Normale kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀.