Ọdún Hájì Ni À Ń Yàn, Kì Í Ṣe Oṣù Rẹ̀

Hájì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ kẹjọ sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Dhul-Hijja ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò bá sì dé Arafat ní ọjọ́ kẹsàn-án kò ṣe Hájì. Ìbéèrè tó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu ní Kambolé, Tchamba àti Sokodé ní ilẹ̀ Togo, pé oṣù wo ni ìrìn náà rọrùn jù, kò ní ìdáhùn. Oṣù kò ṣeé yàn. Ọdún ló ṣeé yàn, yíyan ọdún gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé kì í rò.

Òṣùpá ni kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí ń tẹ̀ lé. Ọjọ́ 354 tàbí 355 ni ọdún rẹ̀, ó fi bí ọjọ́ 11 kéré sí ọdún tí oòrùn ń kà. Àwọn Lárúbáwá ayé ìjímìjí a máa sún oṣù síwá sẹ́yìn bó bá ṣe wù wọ́n; Ànábì Muhammad fòpin sí àṣà náà nígbà Hájì ìdágbére rẹ̀ ní 632. Láti ìgbà náà ni Hájì ti ń yí gbogbo àsìkò ká, tí yóò sì padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 33.

Àwọn tó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Mẹ́kà láyé àtijọ́ mọ ọ̀rọ̀ àsìkò ju ará òde òní lọ. Agbègbè Sokodé àti Tchamba wà lójú ọ̀nà obì gbànja, láti Salaga lọ sí Djougou títí dé ilẹ̀ Haúsá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èrò ń pọ̀ lọ́nà náà, nítorí tí òjò bá ti dé, odò á kún, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù á sì rì sínú ẹrẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà á gba Kano, Borno, Wadai àti Darfur kọjá títí dé Suakin létí Òkun Pupa, níbi tí yóò ti wọkọ̀ ojú omi dé Jeddah. Ọdún púpọ̀ ni ìrìn náà ń gbà. Wọ́n ń dúró lọ́nà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko olóko kí wọ́n lè rí oúnjẹ àti owó ọ̀nà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ padà sílé mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ló kó òwú ní oko Gezira ní Sudan. Àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí kò lè yí ọjọ́ Arafat padà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn rìn àti ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ọkọ̀ òfuurufú ti mú ọ̀nà jíjìn kúrò, kò mú ìrìn kúrò. Mẹ́kà sí Mina jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 8, Mina sí Arafat bí 14, Arafat sí Muzdalifah bí 9. Lílọ-bọ̀ láàárín Sáfà àti Màrúwà nìkan lé ní kìlómítà 3. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀ yóò rìn ju kìlómítà 40 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà Hájì oṣù kẹfà 2024, ooru dé 51.8°C ní Mọ́sálásí Harama, ìjọba Saudi sì kéde pé ènìyàn 1,301 ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 83 ni kò ní ìwé àṣẹ Hájì. Inú oòrùn gangan ni wọ́n ti rìn, láìsí àgọ́, láìsí ibi ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta físà ìbẹ̀wò fún tálákà ní orúkọ Hájì kò ṣeé gbójú fò níbí. Wọ́n mọ̀ pé físà náà kò lè ṣí àgọ́ Mina fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba owó oko àgbàlagbà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún oòrùn. Olè ni wọ́n.

Ní 2025, ọjọ́ Arafat bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù kẹfà. Ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ Saudi ti ṣàlàyé pé Hájì kò ní bọ́ sí ìgbà ooru mọ́ títí di 2050. Oṣù karùn-ún ṣì gbóná púpọ̀ ní Mẹ́kà, nítorí náà ọdún 2026 sí 2028 kì í ṣe ti arúgbó. Ṣùgbọ́n ní 2034, Arafat yóò wà ní nǹkan bí ìparí oṣù kejì. Ní 2039, Hájì méjì ni yóò wọ inú ọdún kan, ọ̀kan ní oṣù kìn-ín-ní, èkejì ní oṣù kejìlá, nígbà tí ooru ọ̀sán Mẹ́kà sábà máa ń wà ní nǹkan bí 30°C. Ẹni ọdún 50 ní 2026 yóò jẹ́ 58 ní 2034. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè gbé e. Ọdún tirẹ̀ nìyẹn, kí ó yàn án nísinsìnyí, kí ó máa tọ́jú owó sí i. Bó bá ń sún un síwájú títí ooru fi padà dé ní 2050, yóò ti di ẹni 74.

Àwọn kan ń sọ pé Ọlọ́run ló ń pe ènìyàn. Ọlọ́run náà ló fi agbára ṣe májẹ̀mú Hájì. Àwọn mìíràn ní lẹ́yìn tí ènìyàn bá kọ́lé, tó gbé ìyàwó fún ọmọ tán, ni Hájì kàn. Ilé kò ní ọjọ́ Arafat, ó lè dúró. Wọ́n tún ní reluwé wà láàárín Arafat àti Mina. Ó wà láti 2010, àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn sì kú ní 2024. Arúgbó tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́ lè rán ẹlòmíràn tó ti ṣe Hájì tirẹ̀ láti ṣe é fún un. Ẹ̀sìn gbà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Umra yàtọ̀: kò ní oṣù kan pàtó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè dípò Hájì. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló dára jù fún ará Tchamba, nígbà tí òjò ti dá, tí owó òwú ti ń wọlé, tí Mẹ́kà náà sì tutù.

Hájì àwọn ọdún ọyẹ́ náà ní ìmúra tirẹ̀. Fún ti 2034, kí olúwarẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun Súbúhì láti oṣù kọkànlá 2033, kó sì fi bàtà tó máa wọ̀ lọ́hùn-ún rìn. Ìta gbangba ni wọ́n ń sùn ní Muzdalifah, aṣọ méjì tí a kò rán sì ni ọkùnrin ń wọ̀, nítorí náà kí àgbàlagbà mú kúbùsù dání. Ó lè fi bora, bí kò bá ti fi bo orí.