Ẹ̀rọ Ìgégi Alágbára: Gígé Ni, Lílà Ni, Àbí Rírẹ́?

Ọ̀rọ̀ ọjà ni ọ̀rọ̀ tòní yóò kọ́kọ́ jọ lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni mo fẹ́ fi yẹ owó wò.

Nígbà tí mo lọ kí àwọn ènìyàn mi ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì kẹ́yìn, àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, jókòó tì mí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi ra ẹ́ńjìnnì ńlá." Ẹ̀rọ ìgégi ni ó ń wí, èyí tí ẹlòmíràn ń pè ní ṣéènsọ́ọ̀. Ó ti ní kékeré kan tẹ́lẹ̀, èyí tí agbára rẹ̀ kò ju 35cc lọ, tí irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí lé lórí kò sì ju íǹṣì 14. Ìjì ti wó igi àyin ńlá kan àti igi apá kan ní etí oko wa. Àwọn ìyá wa tí ń yan gààrí ń retí igi náà, ẹ̀rọ kékeré sì ń kérora lára rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán láìrí ọ̀nà lọ. Nítorí náà ó fẹ́ 070 ti Stihl, ẹ̀rọ ará Jámánì tí òkìkí rẹ̀ kàn láàrin àwọn agégẹdú wa.

N kò bú u. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bẹntiróòlù tí kò tó igba náírà lítà kan nígbà náà ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà tí yóò fi di ìparí 2024. Gáàsì ìdáná náà gbówó lórí. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó ti gbàgbé ààrò ti padà sí ìdí rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní igi lónìí ní ọjà lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a ra agbára láìbéèrè iṣẹ́ tí agbára náà fẹ́ ṣe.

Ibí ni èdè ti wọlé. A ń *gé* igi, a ń *la* igi, a ń *rẹ́* pákó. Gígé ni kí a la ara igi kọjá ní ìbú, kí ìtì gígùn di ìtì kúkúrú. Lílà ni kí a tẹ̀ lé ọ̀nà tí igi fúnra rẹ̀ gbà dàgbà, kí ó ya sí méjì láti orí dé ìdí. Láti ara èyí ni a ti rí *lagilagi*, ẹni tí àáké jẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀. Rírẹ́ ni ti ayùn tí ń sọ ìtì igi di pákó pẹlẹbẹ. (Ṣíṣẹ́ tún wà, tí ó bí *aṣẹ́gità*, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán tó fún ìyẹn.) Ní Èkìtì wa, níbi tí igi ti ń jẹ́ *ugi*, tí ilé sì ń jẹ́ *ulé*, àwọn àgbà kì í da àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra. Àwa tí a kàwé ni a ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí "gígé".

Wàyí o, níbo ni 070 ti rí òkìkí? Ní rírẹ́ ni. Ẹ̀rọ tí ó ju 100cc lọ ni, àwọn tí ń sọ ìrókò di pákó nínú igbó, láìgbé e dé sọ́míìlì, ni wọ́n sọ ọ́ di ọba, láti ibí títí dé Gánà. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti fi ṣéènì tẹ̀ lé gígùn igi mọ̀ pé iṣẹ́ àṣelàágùn ni: eyín ń kọjú sí okùn igi lórí, ìgbésẹ̀ náà lọ́ra, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ sáré fún ìgbà pípẹ́ láìsinmi. Agbára ńlá ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ìdáná kì í ṣe pákó. Gígé ni a ó gé e, lẹ́yìn náà ni a ó là á, àáké ni yóò sì là á, ẹ̀rọ kọ́. Àbúrò mi fẹ́ fi òkìkí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ra irinṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo sí i. Ẹ̀rọ rẹ̀ kékeré kò tó lóòótọ́. Àyin kì í ṣe arère. Igi arère fúyẹ́, ó rọ̀. Àyin wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ìdí nìyí tí iná rẹ̀ fi ń pẹ́ tí èédú rẹ̀ sì níye lórí. Ẹ̀rọ tí ó ń gé arère bí ẹni gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè kú sára àyin. Ó nílò agbára sí i. Iye tí ó tó ni àríyànjiyàn wa.

Mo ní kí ó wọn igi náà. Íǹṣì 24 ni ibi tí ó fẹ̀ jù lọ. Irin íǹṣì 20 yóò gé e, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan tí a sì parí láti èkejì. Ẹ̀rọ bíi 60cc ń gbé irin bẹ́ẹ̀ láìkérora. Ìwúwo rẹ̀ kò ju bíi kílò 6 lọ kí a tó fi irin àti ṣéènì sí i, nígbà tí 070 wà ní nǹkan bíi kílò 10. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kékeré wo kílò mẹ́rin. Ní àárọ̀ kò jẹ́ nǹkan. Ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí apá bá ti rẹ̀, kílò mẹ́rin náà ni ó ń mú kí orí irin sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kò yẹ. Bí òkè orí irin náà bá kan igi mìíràn nígbà tí ṣéènì ń sáré, gbogbo ẹ̀rọ yóò ta padà sókè sí ojú tàbí ọrùn ẹni tí ó dì í mú, kí ó tó ṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo bá àbúrò mi tí ó wọ sálúbàtà lọ gégi.

Ó tún ku eyín. Mo ní kí ó fi ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ kékeré ń tú jáde hàn mí. Lẹ́búlẹ́bú ni, bí èlùbọ́. Ṣéènì tí ó mú kì í tú lẹ́búlẹ́bú. Ẹ̀ẹ́rún igi gidi ni ó ń tú. Ìdajì ìkérora tí ó ń gbọ́ kì í ṣe àìlágbára ẹ̀rọ, eyín tí ó kú ni. Ní 1946, Joseph Cox, agégẹdú kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, rí ìdin kòkòrò kan tí ń jẹ igi líle lọ geere, tí ó ń já a sí ọ̀tún, tí ó ń já a sí òsì. Ó ṣe eyín ṣéènì tí ó fara wé ẹnu ìdin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1947. Irú eyín bẹ́ẹ̀ ni ó wà lára púpọ̀ nínú àwọn ṣéènì òní. Ìdin yẹn kò ní 100cc. Fáìlì róbótó kan, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀rọ, ni àbúrò mi kò ní.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni èyí tí n kò lè fi ìwọ̀n wọ̀n. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè ra 070 kò ní fi gé igi ìdáná pẹ́. Owó igi ìdáná kò ní tètè san gbèsè náà. Pákó ni yóò san án. Igi tí ìjì wó yóò tán, ojú yóò sì lọ sára apá àti ìrókò tí ó ṣì dúró. Gánà fi òfin de fífi ẹ̀rọ ìgégi rẹ́ pákó fún títà ní 1998, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kò jáwọ́, nítorí pé ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́, ebi sì wà nílé. Ní Èkìtì níhìn-ín, igbó ọba tí ó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣì kù sí ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. N kò sọ pé àbúrò mi yóò dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè dé ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ̀yin ń fi gírámà ra ẹ́ńjìnnì." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

A rà 60cc, irin íǹṣì 20, ṣéènì méjì, fáìlì mẹ́ta, bàtà líle kan, ohun ìbojú àti ìbọtí. Mo kọ ìwọ̀n epo sí ara kẹ́ẹ̀gì fún un: mìlílítà 20 ọ́ìlì sí lítà bẹntiróòlù kan, gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rọ náà ti wí. Ó mọ irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti ara jẹnẹrétọ̀ kékeré "I better pass my neighbour". Àáké bàbá wa ni a tún èèkù rẹ̀ ṣe fún lílà.

Ó pè mí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Àyin ti tán, apá ló kù, àwọn ìyá wa sì ti ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbé. Ó bi mí léèrè orúkọ tí à ń pe ìta-padà ẹ̀rọ yẹn ní Yorùbá. N kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un. Bí ẹ bá ní agégẹdú kan ní ìdílé yín, ẹ bá mi bi í.