Ìjà Ọ̀rẹ̀: Ohun tó dá ogun Biafra dúró kó tó dé Èkó

Títí dòní, bí nǹkan bá le koko nílẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà a máa sọ pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń sọ ọ́ lẹ́nu ni kò mọ̀ pé ogun gidi ni, pé ọdún 1967 ló wáyé, àti pé Èkó, tí í ṣe olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà, ni ogun ọ̀hún ń lọ kó tó bá ìdènà pàdé. Ẹni tó bá gbéra ní Ìlútítun nílẹ̀ Ìkálẹ̀, tó gba Òkìtìpupa lọ sókè, kò ní í pẹ́ dé oríta tí ogun náà ti parí ìrìn rẹ̀. Fáwọn ará agbègbè yẹn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn.

Ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bi ara rẹ̀ nípa ìjà náà kì í ṣe ti pé ta ló gbóyà jù. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bó ṣe jẹ́ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó gba ìlú Ìbìní láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè rí ọ̀nà kọjá Ọ̀rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ ìròyìn ogun lórí rédíò lónìí, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni àwọn tó ń gbógun lọ sí ìlú ńlá fi ń ṣubú.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, Ọ̀gágun Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu kéde pé apá Ìlà-Oòrùn ti yapa kúrò lára Nàìjíríà, ó sì pe orúkọ orílẹ̀-èdè tuntun náà ní Biafra. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Keje, ìbọn ti dún. Láàárín oṣù yẹn, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ọ̀gágun Yakubu Gowon gba Nsukka, wọ́n tún gba Bonny tó wà létí òkun. Nǹkan ti há fún Biafra. Ojukwu sì mọ̀ pé bí wọ́n bá jókòó sílé láti máa gbèjà ara wọn nìkan, ọwọ́ yóò tẹ̀ wọ́n láìpẹ́. Ló bá gbé ogun jáde láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Ní ìdájí ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra la afárá Odò Ọya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí lọ́dún 1965 kọjá, láti Onitsha bọ́ sí Asaba. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ìtàn ogun náà sọ pé wọ́n tó 3,000. Ìpínlẹ̀ Midwest tí wọ́n wọ̀ yìí kò fẹ́ kí ilẹ̀ òun di pápá ogun, àwọn sójà tó wà níbẹ̀ kò sì pọ̀. Nínú wọn pàápàá, àwọn kan wà tí ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, Ìbìní ti bọ́ sọ́wọ́ Biafra, gómìnà ibẹ̀, Ọ̀gágun David Ejoor, sì ti sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Gowon kéde pé ohun tí ìjọba òun ti ń pè ní iṣẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ ti di ogun àjàkú-akátá.

Ẹni tó ṣíwájú ogun náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ọmọ Yorùbá ni, Ọ̀gágun Victor Banjo, ọmọ Ìjẹ̀bú. Láti oṣù Kìíní ọdún 1966 ni wọ́n ti fi í sátìmọ́lé nígbà ìjọba Aguiyi-Ironsi, Ìlà-Oòrùn ni wọ́n sì fi í pamọ́ sí títí tí Ojukwu fi dá a sílẹ̀. Lójú Ojukwu, ọmọ Yorùbá tó bá kó ogun wọ ilẹ̀ Yorùbá kò ní í jọ ọ̀tá lójú àwọn ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Banjo ní èrò tirẹ̀ lọ́kàn. Nínú ọ̀rọ̀ tó bá àwọn ará Midwest sọ lórí rédíò ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, ó hàn gbangba pé kì í ṣe torí kí Nàìjíríà lè pín sí méjì ló ṣe ń jà, ìjọba tó wà l'Ékòó ló fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka, tó lọ sí Biafra lóṣù yẹn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lẹ́yìn náà pé Banjo rán òun sí Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo tó wà n'Íbàdàn pé kó má ṣe dí òun lọ́nà Èkó. Obasanjo kò kúrò lẹ́yìn ìjọba àpapọ̀. Soyinka ní tirẹ̀ wọ àtìmọ́lé lóṣù náà, ọdún 1969 ló tó jáde.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé orí ohun àkọ́kọ́ tó dá ogun náà dúró, ìyẹn àkókò. Láti Asaba dé Ìbìní, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi rìn ín. Ọ̀nà tó ti Ìbìní lọ sí Ọ̀rẹ̀ kò gùn tó ìyẹn, síbẹ̀ nígbà tó fi máa di ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn tí wọ́n gba Ìbìní, wọn kò tíì rí Ọ̀rẹ̀ kọjá. Ìbìní ni Banjo dúró sí. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ń ránṣẹ́, ó ń jiyàn pẹ̀lú Ojukwu nípa ẹni tí yóò ṣèjọba lórí ibi tí wọ́n bá gbà. Ogun tó ń sáré nítorí kí ọ̀tá má baà jí lójú oorun wá jókòó, ọ̀tá sì jí. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ìjọba àpapọ̀ ṣa sójà jọ láti ibi gbogbo, tí wọ́n dá ẹ̀ka ọmọ ogun kejì sílẹ̀ wéréwéré, tí wọ́n sì fi Ọ̀gágun Murtala Muhammed ṣe olórí rẹ̀.

Ohun kejì ni ọ̀nà. Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe ìlú ńlá nígbà náà, kò sì sí ìjọba kankan tó fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Oríta tó jẹ́ ló mú un níye lórí. Lápá ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà tó ti ibẹ̀ jáde ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó, nǹkan bíi kìlómítà 210. Lápá òkè, ọ̀nà ń lọ sí Oǹdó, ó sì ń gba Ifẹ̀ dé Ìbàdàn. Lápá ìsàlẹ̀, ọ̀nà ń lọ sí Òkìtìpupa àti gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, títí dé Ìgbọ́kọ̀dà nílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti lè gba inú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Èkó. Ẹni tó bá gba Ọ̀rẹ̀ lè yan ibi tó fẹ́ lọ, ẹni tí wọ́n bá sì dá dúró níbẹ̀ kò rí ibì kankan lọ. Oṣù Kẹjọ jẹ́ àsìkò òjò, igbó kìjikìji sì wà lọ́tùn-ún lósì títì. Sójà tó bá kúrò lójú títì á rì sínú ẹrẹ̀, èyí tó bá dúró lójú títì á di ohun tí ọ̀tá ń wò láti ọ̀ọ́kán. Irú ibi báyìí ni èèyàn díẹ̀ ti lè dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti kojú wọn, ìjà náà sì le débi pé orúkọ ìlú yẹn di òwe lẹ́nu àwọn Yorùbá.

Ohun kẹta ni ọkàn àwọn èèyàn, ó sì ṣeé ṣe kó wúwo ju ìbọn lọ. Ṣáájú ogun, inú ọ̀pọ̀ Yorùbá kò dùn sí ìjọba àpapọ̀. Àwọn aṣáájú wọn ti béèrè pé kí wọ́n kó àwọn sójà Àríwá kúrò nílẹ̀ wọn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ti sọ lóṣù Karùn-ún ọdún náà pé bí wọ́n bá fi ìwà àìdáa tì Ìlà-Oòrùn jáde, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó yóò tẹ̀ lé e. Bóyá èyí ló mú kí àwọn kan ní Biafra rò pé wọn yóò fi ayọ̀ pàdé àwọn lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ráhùn nípa bàálẹ̀ ilé rẹ̀ kò tíì sọ pé kí aládùúgbò wá fi agbára wọlé. Awólọ́wọ̀ ti di igbákejì alága ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ àti kọ́míṣọ́nnà fún ètò ìnáwó, Ọ̀gágun Adeyinka Adebayo tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn kò sì kúrò lẹ́yìn Gowon. Nígbà tí ìròyìn dé pé ogun ti wọ Midwest, tó ń bọ̀ wá sílẹ̀ Yorùbá, àwọn tó ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ rí ìdí láti yan ibì kan. Ogun tí wọ́n pè ní ogun ìdáǹdè di ogun ìgbàlú lójú àwọn tí wọ́n ní àwọn wá dá nídè.

Láti Ọ̀rẹ̀ ni ojú ogun ti yí padà. Wọ́n ń lé Biafra bọ̀ sẹ́yìn títí tí ìjọba àpapọ̀ fi gba Ìbìní padà ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tí Biafra kéde ibẹ̀ ní orílẹ̀-èdè olómìnira. Lóṣù yẹn kan náà ni wọ́n dá Banjo àti àwọn mẹ́ta mìíràn, Emmanuel Ifeajuna, Philip Alale àti Sam Agbam, lẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ ní Enugu, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, Enugu pàápàá ti bọ́. Àwọn ọmọ ogun Biafra tó padà sọdá Odò Ọya ba afárá tí wọ́n gbà wá jẹ́ lẹ́yìn ara wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi ìtàn náà mọ nìyẹn, tí wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Nígbà tí Ìbìní bọ́ padà sọ́wọ́ ìjọba, wọ́n pa àwọn Ígbò tí kò gbé ìbọn nígboro. Ní Asaba, lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹwàá, àwọn ará ìlú tó jáde wá kí àwọn sójà Nàìjíríà káàbọ̀ ni wọ́n ya ọkùnrin sọ́tọ̀ láàárín wọn, tí wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Àwọn tó ye é jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa ní ọdún 2001, Gowon sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Asaba ní ọdún 2002. Ẹ̀ka ọmọ ogun tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí kí Èkó má baà bọ́ ló ṣe èyí. Ẹni tó bá ń yin ìṣẹ́gun Ọ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dárúkọ Asaba pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ yìí kò gbó. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní, ọdún 2013, àwọn ajìjàgbara ẹ̀sìn ní Màlì gba Konna, ìlú kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà Mopti. Lọ́jọ́ kejì ni Faransé dá sí ogun náà, ìrìn àwọn ajìjàgbara ọ̀hún síhà gúúsù sì dópin. Ọ̀rẹ̀ ti Màlì ni Konna jẹ́. Nígbà tó di ọdún 2025, irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Wọn kò sáré wọ Bamako, ọ̀nà tí ọkọ̀ epo ń gbà wọ ibẹ̀ ni wọ́n dí, tí ìlú fi há. Ní Ukraine, Rọ́ṣíà rò ní oṣù Kejì ọdún 2022 pé ọjọ́ díẹ̀ ló máa gbà kí Kyiv tó bọ́. Ọkọ̀ ogun wọn tò sójú títì bí ìrù ejò, wọn kò lè lọ síwájú. Àwọn ará ìlú tí wọ́n rò pé yóò gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ kò gbà wọ́n. Wọ́n padà sẹ́yìn ní òpin oṣù Kẹta, wọ́n sì fi òkú àwọn ará ìlú sílẹ̀ ní Bucha. Àkókò, ọ̀nà àti ọkàn èèyàn tún ni, bó ti rí ní Ọ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà ló sì san gbèsè rẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìjà Ọ̀rẹ̀ jẹ́ òwe lásán. Ìwé àwọn ọ̀gágun sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹni tó pàṣẹ àti ẹni tó kọ àṣẹ, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò rí ní Ọ̀rẹ̀, ní Òkìtìpupa àti ní Ìlútítun lóṣù Kẹjọ yẹn ṣọ̀wọ́n nínú wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò lára iṣẹ́ tí àwọn ọmọdé ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́, kí ìjọba tó pinnu láti dá a padà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó rí ogun náà ní 1967 ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún báyìí. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn ọba ibẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ìlú lè rán àwọn ọmọ lọ bá irú àgbà bẹ́ẹ̀ jókòó, kí wọ́n kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Bí àgbà bá kú láìsọ̀rọ̀, òwe nìkan ni yóò ṣẹ́kù, òwe kò sì lè sọ fún ọmọ ẹni tó sìnkú àwọn tí ogun pa lójú ọ̀nà.